AN-M64 àti Mk 82: èwo ni oríṣiríṣi ẹ̀ka ọmọ ogun lè jọ lò jù?

Pọ́n-ùn 500 ni wọ́n kọ sí ìwọ̀n àwọn àdó olóró méjèèjì, Amẹ́ríkà ló sì ni wọ́n. AN-M64 ni ẹ̀gbọ́n, ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló wáyé. «AN» tó ṣáájú orúkọ rẹ̀ ni àmì pé ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi jọ fọwọ́ sí i. (Abẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni àwọn tòfuurufú ṣì wà nígbà yẹn.) Ó sanra, ìrù rẹ̀ rí bí àpótí. Nínú ikùn bàálù ńlá, ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá so ó mọ́ abẹ́ apá jẹ́ẹ̀tì, atẹ́gùn á máa fà á sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni Mk 82 ti ta á yọ. Ed Heinemann ti iléeṣẹ́ Douglas ló ya ìrísí rẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ínǹṣì 14 ló wà láàárín ìkọ́ méjì tí wọ́n fi ń so ó mọ́ bàálù, bí bàálù àwọn orílẹ̀-èdè NATO (ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀) ṣe ń fẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá ní kí n yan, Mk 82 ni.

Síbẹ̀, Mk 82 tí ẹ̀ka ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ń lò ò rí bákan náà tán. Lẹ́yìn iná tó jó ọkọ̀ ojú omi USS Forrestal lọ́dún 1967, tó pa èèyàn 134, ọmọ ogun ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ń dènà ooru bo Mk 82 tiwọn, ara rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki. Ti ọmọ ogun òfuurufú jọ̀lọ̀ ní tirẹ̀.