Àwo "Layla" tí mo rà ní àlòkù

Póùn 18 ni mo ra àwo yìí ní àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù: Layla and Other Assorted Love Songs ti Derek and the Dominos, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí Eric Clapton, akọrin àti onígìtá, jẹ́ olórí rẹ̀. Ó jáde ní 1970. Àwo méjì ló wà nínú páálí kan. Ojú kẹrin ni mo kọ́kọ́ gbé sórí ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni "Layla" fúnra rẹ̀ wà.

Pattie Boyd ni ọkàn Eric Clapton ń fà sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyàwó George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni obìnrin náà. Clapton yá orúkọ Layla látinú ìtàn Nizami, akéwì ilẹ̀ Páṣíà, nípa ọkùnrin tí ìfẹ́ sọ di wèrè. Ẹ gbọ́ ohùn Clapton: ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ yẹn. Gìtá Duane Allman, onígìtá tó bá wọn ṣeré, ń ké gooro lókè rẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni dùùrù wọlé, gbogbo rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. N kì í lè dìde títí yóò fi parí.

Àwo mi ń ta pá-pá díẹ̀ lójú kejì, etí páálí rẹ̀ sì ti ya. Kò dùn mí.

Clapton àti Boyd fẹ́ra ní 1979, wọ́n sì padà kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1992, Clapton tún "Layla" kọ jẹ́ẹ́jẹ́ lórí gìtá tí kò lo iná, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní 1993. Èyí náà dùn, àmọ́ iná ìfẹ́ ọjọ́sí ti jó rẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ti 1970 ni kí ẹ rà.