Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta tìrígà ṣakabùlà láàárín Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò

Ẹ̀yin ọdẹ Èkìtì Kete, àrìnpa o. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú sì ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò kó sí ọkùnrin yìí lọ́wọ́.

Àpò ló ń gbé kiri, ohun èlò ìbọn ló ń tà. Ó bá mi nílé níbi tí mo ti ń nu ṣakabùlà bàbá mi. Ó fà á wò, ó ní tìrígà rẹ̀ le jù, òun ló fà á tí ọwọ́ mi fi ń yẹ̀ tí ẹran fi ń bọ́. Òótọ́ ni, ó le. Ló bá yọ tìrígà onímejì kan jáde, ó ní láti Jámánì ni: èèyàn á kọ́kọ́ fa ti ẹ̀yìn, ti iwájú á wá fúyẹ́ débi pé kí ìka ṣáà ti kàn án, ìbọn ti dún. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́, àwọn ọdẹ Jámánì ti ń lò ó tipẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn. Mi ò gọ̀! Mo bi í bóyá irin líle ni. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi ẹnu kàn án, ó fi Ògún búra. Ní Èkìtì níbí, tí Ìrè Ògún Onírè kò jìnnà sí wa! Ta ni kò ní gba irú ìbúra bẹ́ẹ̀?

₦45,000 ni mo kà fún un. Owó kòkó, tí mo fẹ́ fi ra oògùn apakòkòrò. Ìyàwó mi gbé iyán fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó wá ń fi fáìlì rẹ́ irin àtijọ́ tó ń gbé òòlù ìbọn ró. Ó ní òun ń jẹ́ kó dán. Irin tí alágbẹ̀dẹ ayé bàbá mi ti fi iná àti omi mú le! Ojú irin bẹ́ẹ̀ nìkan ló máa ń le. Bí fáìlì bá ti gé e kọjá, rírọ̀ ló kù nísàlẹ̀. Ó sì mọ̀. Mo ní ó mọ̀!

A ń lọ sóko lóru, ọmọ àbúrò mi ń lọ níwájú. Mo ti fa òòlù dé ìdajì, níbi tí tìrígà kò ti gbọdọ̀ ràn án rárá. Mo kọsẹ̀, òòlù já, ìbọn dún. Ọta gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá láì bà á, ó wọ inú igi. Ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni ǹ bá sọ fún ìyá rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ tú u. Ó fi fáìlì kan tìrígà "Jámánì" náà, fáìlì ń jẹ ẹ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń jẹ iṣu. Ọ̀pá irin ìkọ́lé ni wọ́n gé! Mo pe olè náà, ó ní òun ń bọ̀. Látìgbà náà, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Àwọn kan ń sọ pé ojúkòkòrò ló kó bá mi. Ojúkòkòrò wo? Ẹni tó fẹ́ kí ìbọn òun dára ni olójúkòkòrò?

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi fáìlì kan irin náà níbi tó fara sin: bó bá le, fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Láìsí ẹ̀tù, láìsí ọta, ẹ fa òòlù dé ìdajì kí ẹ fi agbára fa tìrígà. Bó bá já, ẹ dá a padà. Ẹ fà á dé òkè pátápátá, kí ẹ gbá ìdí ìbọn mọ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ já. Ẹni tí kò ní ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn yín. Èmi ò ra ohunkóhun lọ́wọ́ alágbèékiri kankan mọ́, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀yin tó ti bá ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì ìbọn yẹn títí alágbẹ̀dẹ yín yóò fi tú u wò. Bó bá sì dé abúlé yín, ẹ má jẹ́ kó lọ kí olórí ọdẹ tó dé.