Oyin kajú, oyin Òkè-Ògùn, oyin ewé Akíntọ́lá: èwo lẹ fẹ́ rà n'Ìbàdàn?

Tẹ́ ẹ bá bèèrè oyin ní Bódìjà tàbí Dùgbẹ̀, gbogbo èyí tó wà lórí tábìlì ló ń jẹ́ oríjínà, ó tán. Oríjínà ọ̀hún ò sọ òdòdó tó ti wá fún yín, bẹ́ẹ̀ òdòdó yẹn gan-an lẹ̀ ń fowó rà. Oyin tó ti ara òdòdó kajú wá àti èyí tó ti ara òdòdó emi wá, ojúlówó ni méjèèjì lè jẹ́, kí adùn wọn, òórùn wọn àti bí wọ́n ṣe ń tètè dì sí má sì bára mu rárá.

Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: ibo ni wọ́n ti gé afárá ẹ̀, oṣù wo sì ni wọ́n gé e? Kòkòrò oyin kì í sábà lọ jìnnà ju bíi kìlómítà 3 lọ tó bá ń wá oúnjẹ, ó lè jù bẹ́ẹ̀ ṣá tí òdòdó ò bá sí nítòsí, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti mọ àdúgbò tí ilé oyin wà, tẹ́ ẹ tún mọ igi tó ń yọ òdòdó níbẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ ti sún mọ́ ìdáhùn ju ẹni tó ń fi ìṣáná dán an wò lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òkè-Ògùn

Kajú pọ̀ lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì máa ń yọ òdòdó láti bíi oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì. Àsìkò yẹn náà ni máńgòrò ń yọ tiẹ̀, torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé kajú pọ́ńbélé lòun ń tà, ẹ bi í bí kò ṣe sí máńgòrò nítòsí. Oyin Òkè-Ògùn ní tiẹ̀, láti Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, emi àti igbá ló wà nínú ẹ̀, igi ọ̀dàn tó ń yọ òdòdó nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ju tiwa níhìn-ín lọ, omi inú oyin á tètè fà, ìyẹn ló fi máa ń ki. Lẹ́nu tèmi, oyin Òkè-Ògùn tí wọ́n gé lóṣù Kejì tàbí Kẹta ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, ó máa ń pẹ́ lọ́fun.

Àyíká Ìbàdàn

Mọ́níyà, Àkànrán, Ìdó, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ láìro ni ewé Akíntọ́lá (àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀) bò. Tó bá di nǹkan bí oṣù Kejìlá, òdòdó ẹ̀ á funfun lọ bẹẹrẹbẹ, kòkòrò oyin á sì dà bò ó. Àmọ́ oríṣiríṣi nǹkan ló máa wà nínú oyin agbègbè yìí, wọn ò lè fi orúkọ òdòdó kan ṣoṣo tà á fún yín kó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá pe tiẹ̀ ní oyin ọ̀pẹ, ẹ má dá a lóhùn. Lúbúlúbú òdòdó nìkan ni kòkòrò oyin ń kó lára ọ̀pẹ, ọ̀pẹ ò ní omi dídùn tí wọ́n fi ń ṣe oyin, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbàdo.

Oyin òkè òkun

Èyí tí wọ́n kọ Acacia sí lára nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, igi kan tí wọ́n ń pè ní Robinia ló ti wá, kì í ṣe àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń jẹ́ acacia lápá àríwá níbí. Ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó dì torí ṣúgà tí wọ́n ń pè ní fructose ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Manuka, New Zealand ni, ó sì wọ́n. Mi ò rí ìdí tẹ́ni tó fẹ́ fi mu ẹ̀kọ tàbí tíì láàárọ̀ á fi ra méjèèjì.

Àwọ̀ ló ń tan èèyàn jù. Oyin dúdú lè jẹ́ ti òdòdó lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ iná ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń fi ògùṣọ̀ lé kòkòrò máa ń jó afárá, àwọn mìíràn tún ń se oyin lórí iná kó lè ṣàn. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀: tó bá ń rùn bí èéfín, èéfín lẹ̀ ń rà. Oyin ọsàn gidi máa ń ta sánsán bí òdòdó ọsàn gan-an, ìyẹn wà lára àwọn díẹ̀ tí imú lè dá mọ̀. Tí oyin bá dì nígbà ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ṣúgà ni wọ́n pò mọ́ ọn, oyin òdòdó tó ní glucose (irú ṣúgà mìíràn tó wà nínú oyin fúnra ẹ̀) púpọ̀ ló ń tètè dì, ẹ gbé ìgò ẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, á yọ́. Èyí tó ń hó, tó ń ti ọmọrí ike, ni kẹ́ ẹ sá fún, omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìlànà Codex tí gbogbo ayé ń lò lórí oúnjẹ ò fẹ́ kí omi inú oyin ju 20% lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì rẹpẹtẹ láti tún tà lórúkọ òdòdó kan, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi máíkírósíkóòpù wo lúbúlúbú òdòdó inú oyin. Iṣẹ́ yìí ò ṣàjèjì sí UI, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti kọ̀wé lórí lúbúlúbú inú oyin láti 1976. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí lúbúlúbú òdòdó kan ju 45% lọ kí wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ pe oyin, àmọ́ ti ọsàn kéré sí bẹ́ẹ̀ torí lúbúlúbú ẹ̀ kì í pọ̀ nínú oyin.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá sì rà, ẹ má fi tọ́ ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan lẹ́nu o, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa botulism, àìsàn tó lè pa ọmọ ọwọ́, lè wà nínú oyin tó dáa jù lọ pàápàá.