Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tó fẹ́ ra forklift (ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè) oníbátìrì tòkunbọ̀ n'Ílọrin

₦4,500,000! Búlọ́ọ̀kù ni mo fi rà. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Sitọ́ọ̀ ìrẹsì ni mo ní lẹ́bàá Ọ̀fà Gáréèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ra oní-dísẹ̀lì bíi tòun, pé kò ní yọ mí lẹ́nu. Mo kọ̀. Kì í ṣe agídí o: inú ilé la ti ń to ẹrù, èéfín dísẹ̀lì á pa àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lójú. Oníbátìrì ló bá mi mu, mi ò tíì yí ohùn padà lórí ìyẹn.

Ọkùnrin tó tà á fún mi fi gbé àpò mẹ́wàá sókè lójú mi. Forklift tó yẹ kó gbé tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀, àpò mẹ́wàá péré ló gbé, èmi náà ń mi orí! Mo ní kó ṣí bátìrì kí n wò ó. Ó ní, "Alhaji, láti Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti dè é pa, Wàláì." Ó ṣàdúrà lé e, mo sì ṣe Àmín. Àmín!

Nígbà tó délé, kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi kú. A ṣáàjì ẹ̀ mọ́jú. Ọmọ tó ń wà á gbé ogún àpò, ló bá di pé ìdí ọkọ̀ gbéra nílẹ̀. Ìrẹsì dà yàà, díẹ̀ ló kù kó tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa. Rewáyà fi òòlù ṣí ìdérí: bátìrì mọ́tò mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀ kó lè pé fóltì 48, búlọ́ọ̀kù ló kún ìyókù. Búlọ́ọ̀kù, tiyanrìn tiyanrìn! Ojúlówó bátìrì rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan, òjé inú rẹ̀ ló ń di ìdí ọkọ̀ mú.

Ẹ má bi mí pé ṣé mi ò mú mẹkáníìkì dání. Mo mú un. Ta ló mọ iye tí wọ́n fún un lábẹ́lẹ̀?

Ẹ ṣí ìdérí. Oní-fóltì 48, sẹ́ẹ̀lì 24 (àwọn kéékèèké oní-fóltì méjì-méjì tí wọ́n so pọ̀ di bátìrì) lẹ máa kà. Ẹ wo ìwúwo bátìrì tí wọ́n kọ sára irin pélébé ara ọkọ̀. Ẹ fi ẹrù tó pé dán an wò fún wákàtí kan. Ṣáàjì rẹ̀ tó wákàtí mẹ́jọ, ẹ mọ bí iná àdúgbò yín ṣe rí.

Gbogbo àwọn tó ń tà á lọ̀kan náà. Ẹni tó bá tún ní òun ní oníbátìrì tó dáa, kó gbé e wá síwájú sitọ́ọ̀ mi, kó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ títí di Àsárì kí n tó na ọwọ́ sápò.