Rọ́bà dísù tó hàn sínú: ẹ rà á kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú pọ́ǹpù káńpà yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò káńpà àtijọ́ tó ń lo dísù, tó bá jẹ́ pé láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ṣíná, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà á dé ibì kan tẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ fi sinmi díẹ̀, ó di kó máa yí ṣáá láì gbaná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì tàbí pọ́ǹpù tó ń ti epo sí i, ẹ kọ́kọ́ lọ ra rọ́bà tó hàn sínú yìí, ìyẹn páìpù rọ́bà tẹ́ ẹ ó fi máa rí epo bó ṣe ń kọjá. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kílíìpù tó bá a wá ló jẹ ọ̀kan tó kù, màá débẹ̀.

Ohun tó mú kí n rà á ni pé mẹ́káníìkì kan ti ní kí n pààrọ̀ gbogbo nọ́sù, òmíì ní gúlóò pílọ́ọ̀gì tó ń mú inú ẹ́ńjìnì gbóná kó tó ṣíná ni, kò sì séyìí tó yẹ nǹkan kan wò nínú wọn. Sikánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àìsàn mọ́tò, náà ò lè ràn mí lọ́wọ́ torí ẹ́ńjìnì tèmi ò ní kọ̀ǹpútà kankan tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná: dísù ò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ooru afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀ ló ń mú epo gbaná, ẹ́ńjìnì tó ti gbóná ló sì yẹ kó tètè ṣíná jù, kò tiẹ̀ nílò gúlóò pílọ́ọ̀gì tó bẹ́ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ìgbà tó gbóná gan-an ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ní kí ẹnì kan dúró síbi sálẹ́ńsà nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i. Tí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń wọlé, kò kàn gbaná ni, ẹ lọ wo bóyá kíìkì sítátà ń lọ́ra tàbí táímìn, ìyẹn àkókò tí pọ́ǹpù ń tú epo sílẹ̀, ti yẹ̀. Tí èéfín ò bá jáde rárá, epo ò dénú ẹ́ńjìnì. Tèmi ò yọ èéfín kankan, ibẹ̀ sì ni rọ́bà yìí ti wúlò.

Oríṣi méjì ló wà nínú páálí, èyí tó jẹ́ mílímítà 8 àti èyí tó tín-ín-rín fún ibi tí epo ń gbà padà sí táǹkì. Ó mọ́ gaara, ó rọ̀, ó rọrùn láti tẹ̀. Mo fi èyí tó tóbi sáàárín fíltà àti pọ́ǹpù, mo wa mọ́tò títí ó fi gbóná dáadáa, mo pa á, mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, mo wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí afẹ́fẹ́ bá ń wọ̀ níbì kan, ẹ máa rí i kòrókòró, epo á ti fà sẹ́yìn lọ sí táǹkì, ibi tó ṣófo á máa gùn sí i nínú rọ́bà, tẹ́ ẹ bá sì yí i, afẹ́fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á máa sáré kọjá. Tèmi kún fọ́fọ́, kò mì, kò sí afẹ́fẹ́ kankan. Ìyẹn gan-an ni èrè tí mo jẹ lórí rọ́bà yìí, torí láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe fíltà, kì í ṣe táǹkì, kì í ṣe páìpù kankan láàárín wọn.

Mo fi mítà yẹ iná wò. Volt 12 ń dé solenoid tó ń ṣí epo lórí pọ́ǹpù, ó sì ń dún kọ̀ọ́ tí mo bá tan kọ́kọ́rọ́. Bátìrì ò jábọ́ sísàlẹ̀ volt 10 nígbà tó ń yí, wáyà gíráńdì náà dáa.

Ó wá ku pọ́ǹpù. Mo rẹ aṣọ sínú omi tútù, mo fún un, mo wé e mọ́ orí pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnì wà ní pípa o, mo ní sùúrù díẹ̀, mo yí i, ó ṣíná lójú ẹsẹ̀! Ìdí rẹ̀ ni pé dísù tó gbóná máa ń ṣàn bí omi, tí orí pọ́ǹpù àti rótọ̀, ìyẹn irin tó ń yí nínú rẹ̀, bá ti jẹ tí àlàfo wà láàárín wọn, epo á máa sá gba àlàfo yẹn, nígbà tí kíìkì sítátà nìkan ń yí i díẹ̀díẹ̀, kò lè fún epo débi tí nọ́sù fi máa ṣí, bẹ́ẹ̀ nọ́sù àtijọ́ ń fẹ́ ju bar 100 lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn bí epo ṣe fún pọ̀ tó). Tẹ́ ẹ bá ti tù ú lára, epo á ki díẹ̀, á dí àlàfo náà. Wọ́n máa ń rí i lára àwọn pọ́ǹpù bíi Lucas CAV àti Bosch VE tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má da omi lé e lórí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ o, irin inú rẹ̀ sún mọ́ra gan-an, ó lè há. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ pọ́ǹpù wò, wọ́n pààrọ̀ orí àti rótọ̀, ó ń ṣíná báyìí bó ti wù kó gbóná tó.

Ọ̀rọ̀ kílíìpù wá kù. Ẹnu rẹ̀ mú jù, tẹ́ ẹ bá fún un pinpin ó ń gé rọ́bà, ibi tó gé yẹn ni afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé, ẹ ó wá máa lé àìsàn tí kò sí lára mọ́tò tẹ́lẹ̀. Kílíìpù tó wà lára mọ́tò ni mo padà lò. Ẹ má sì fi rọ́bà yìí sílẹ̀ síbẹ̀ pé ó dúró, dísù àti ooru ẹ́ńjìnì máa ń jẹ́ kó pọ́n, kó gan, kó sán, ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tẹ́ ẹ ń wá, kẹ́ ẹ dá rọ́bà dúdú padà. Ẹ̀yin tí mọ́tò yín jẹ́ common rail, ìyẹn dísù ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́sù rẹ̀, tiyín yàtọ̀, ìgò kéékèèké tí wọ́n fi ń wọn epo tó ń ti ara nọ́sù padà ni kẹ́ ẹ rà.