Ṣọ́ọ̀kù MGB: ká tún ti àtijọ́ ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀?
MGB, ọkọ̀ eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, kì í lo ṣọ́ọ̀kù gígùn tó rí bíi páìpù. Nínú ṣọ́ọ̀kù tiẹ̀, apá irin kan ló ń ti písítìnì nínú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbi tí apá náà ti wọlé, síìlì tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ti lọ nìyẹn. Bíbu ọ́ìlì kún un lásán kò wo nǹkan kan. Ẹni tó mọṣẹ́ lè tú u, kó tún un ṣe, ọkọ̀ á sì wà bó ṣe wà látilẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kù gígùn ńkọ́? Ó tètè ṣeé pààrọ̀ tó bá bà jẹ́. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, bírákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin ìdè, ni wọ́n fi ń dè é. Iwájú ni wàhálà wà, torí apá ṣọ́ọ̀kù àtijọ́ yẹn gan-an ló di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú lókè. Ní tèmi, ẹ̀yìn nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n yí padà.