Ẹ fura o: síìtì "PEEK" tí wọ́n tà fún wa, nylon ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra síìtì (òrùka inú fálífù tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń jókòó lé) àti síìlì (ohun tó ń dí i kó má baà jò) fún fálífù tó ń gba nǹkan gbígbóná kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á bí a ṣe rà á.

Òróró tó gbóná tó 220 °C ló ń gba páìpù tiwa kọjá, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé tí a fi béèrè ọjà. Oníṣòwò náà kó síìtì aláwọ̀ eyín erin wá fún fálífù bọ́ọ̀lù wa, ó ní PEEK ni, ike líle tó ń gba ooru gan-an. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nígbà tí a tú u, síìtì ti yọ́, ó ti gan mọ́ bọ́ọ̀lù. Oníṣòwò náà ní ooru wa ló pọ̀ jù. Ooru wo? PEEK tòótọ́ kì í yọ́ àfi tó bá tó nǹkan bí 343 °C.

Èyí tó kù lọ́wọ́ wa ni a gbé sórí òṣùwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ẹ wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kọ́ sínú omi, kí ẹ tún un wọ̀n; ẹ fi iye tó dín nínú omi pín ìwọ̀n àkọ́kọ́, ẹ ó mọ bó ṣe wúwo sí ní ìfiwéra pẹ̀lú omi. PEEK tí wọn kò lú mọ́ nǹkan kan yóò fún yín ní nǹkan bí 1.3. Tiwa jẹ́ 1.14, ti nylon gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí jíjò) tó pè ní Viton, rọ́bà tó ń gba ooru: Viton a máa tó 1.8, tirẹ̀ kò ju 1.2 lọ, bíi ti rọ́bà nitrile. Dúdú ni méjèèjì, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Òṣùwọ̀n nìkan kò lè fi gbogbo ara sọ pé ojúlówó ni ọjà o, ṣùgbọ́n irú irọ́ gbuu báyìí kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹnì kan ní ká ti iná bọ̀ ọ́ ká gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ má dán an wò! Viton tàbí PTFE (ike tí wọ́n ń pè ní Teflon) tó bá jó máa ń tú hydrogen fluoride jáde, májèlé ni.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé oníṣòwò yẹn ní òun yóò fi síìtì PTFE pààrọ̀ rẹ̀, pé "260 ló ń gbà." Ooru tí PTFE lè fara dà láìsí ohun tó tẹ̀ ẹ́ ni 260 yẹn. Ó rọ̀; bí nǹkan bá ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, kódà nínú otútù, bí ooru bá sì ṣe ń gòkè ni ìfúnpá tó lè gbà ń já wálẹ̀. Àwòrán tó fi ìfúnpá àti ooru hàn pọ̀ fún fálífù yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ara ọjà mu.

A béèrè méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè wa mọ́.